Ọmọ tí ẹ sọ lórúkọ: ìtọ́sọ́nà fún pásítọ̀ àti lémọ́ọ̀mù ilẹ̀ Okun lórí abẹ́rẹ́ àjẹsára

Ẹ kéde ọjọ́ abẹ́rẹ́ àjẹsára lọ́jọ́ Àìkú, gbogbo ìjọ ṣe "Àmín". Lémọ́ọ̀mù sọ ọ́ lẹ́yìn kútúbà, àwọn èèyàn ń mi orí. Nígbà tí ọjọ́ abẹ́rẹ́ pé, nọ́ọ̀sì jókòó ti kúlà rẹ̀ láti àárọ̀ títí oòrùn fi kan àtàrí, ìyá mẹ́ta péré ló yọjú, méjì nínú wọn kì í sì í ṣe ará ìjọ náà rárá. Ní ilẹ̀ Okun wa ní ìpínlẹ̀ Kogí, mo ti rí i ní Yàgbà, mo rí i ní Ìjùmú, mo rí i nítòsí Kàbà, lọ́dọ̀ àwọn aṣáájú ẹ̀sìn tí ọ̀rọ̀ ẹnu wọn níyì láàárín ìlú. Àwọn èèyàn ń bọ̀wọ̀ fún wọn. Ibi tí wọ́n ti sọ ọ̀rọ̀ náà ni kò bá a mu.

Lórí pẹpẹ, gbogbo èèyàn lẹ ń bá sọ̀rọ̀, kò sì sí ẹni tó máa rò pé òun gan-an lẹ ń bá wí. Lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ, ọmọ wà lọ́wọ́ yín. Ìyá rẹ̀ wà níwájú yín, bàbá rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ìyá ọkọ jókòó sórí àga iwájú, àwọn ẹbí tó ti Lọ́kọ́jà àti Ìlọrin wá ń tẹ́tí. Àwọn tó máa pinnu bóyá ọmọ yìí á gba abẹ́rẹ́ ló pé jọ yẹn, wọn ò sì ní pé jọ bẹ́ẹ̀ mọ́ fún ìgbà pípẹ́. Ọjọ́ náà ni ìtọ́sọ́nà yìí dá lé.

Ó tún dùn mọ́ni pé ọjọ́ tiwa bá ọjọ́ nọ́ọ̀sì mu. Ọjọ́ kẹjọ tí à ń sọmọ lórúkọ ṣì wà nínú ọjọ́ mẹ́rìnlá àkọ́kọ́ tí ọmọ fi lè gba ẹ̀kán rọpárọsẹ̀ ti ìbí àti abẹ́rẹ́ mẹ́dọ̀wú ti ìbí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ti mẹ́dọ̀wú dáa jù kí wákàtí 24 tó pé. Ogójì ọjọ́ tí ìyá ń jáde sì fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ sí ọ̀sẹ̀ 6 tí abẹ́rẹ́ tó kàn bẹ̀rẹ̀.

Ohun tí ẹ máa ní lọ́wọ́ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀

- Ìwé ńlá kan tó ní èèpo líle, tí kò ní kúrò nílé ìjọsìn. Fóònù máa ń bàjẹ́, ó sì máa ń bá olówó rẹ̀ lọ.
- Nọ́ńbà nọ́ọ̀sì tàbí òṣìṣẹ́ ìlera tó ń gún abẹ́rẹ́ ní ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé tó sún mọ́ yín jù.
- Obìnrin méjì tí àwọn ìyá ọlọ́mọ fọkàn tán. Kò di dandan kó jẹ́ ìyàwó pásítọ̀ tàbí ìyá àdínì. Ẹ wo ẹni tí àwọn ọ̀dọ́ obìnrin máa ń sá tọ̀ lọ bí ọ̀rọ̀ bá dùn wọ́n.
- Ọlọ́kadà kan tí ẹ mọ̀ dáadáa, àti owó ọkọ̀ díẹ̀ nínú àpò àánú tàbí sàká.
- Ètò abẹ́rẹ́ yìí, kí ẹ kọ ọ́ sí èèpo inú ìwé náà:

Nígbà ìbí: abẹ́rẹ́ ikọ́ ife (BCG), ẹ̀kán rọpárọsẹ̀, abẹ́rẹ́ mẹ́dọ̀wú.
Ọ̀sẹ̀ 6, ọ̀sẹ̀ 10, ọ̀sẹ̀ 14: Penta, tó ń dènà àrùn márùn-ún pọ̀, abẹ́rẹ́ otútù àyà, ẹ̀kán rọpárọsẹ̀, ẹ̀kán ìgbẹ́ gbuuru. Wọ́n ń gún abẹ́rẹ́ rọpárọsẹ̀ mọ́ ọn ní ọ̀sẹ̀ 6 àti 14.
Oṣù 9: èéyi, ibà pọ́njú, yírùnyírùn.
Oṣù 15: èéyi ẹlẹ́ẹ̀kejì.

Ìjọba máa ń fi abẹ́rẹ́ tuntun kún un lóòrèkóòrè. Bí káàdì tó wà lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì bá yàtọ̀ sí èyí, ti nọ́ọ̀sì ni kí ẹ tẹ̀ lé.

1. Ẹ lọ bá nọ́ọ̀sì kí ẹ tó bá ìjọ sọ̀rọ̀

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣubú, ìṣubú náà sì máa ń pẹ́ nílẹ̀. Ní ìlú kan, pásítọ̀ kan tí gbogbo wa fẹ́ràn kéde ọjọ́ abẹ́rẹ́ láì kọ́kọ́ bi ẹnikẹ́ni. Ìyá bí ogún jáde. Àwọn kan ti àbà rìn wá, ọmọ lẹ́yìn, òógùn lójú. Abẹ́rẹ́ èéyi ti tán láti ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú. Èmi ni mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, tí mò ń bẹ̀ wọ́n. Nígbà tí wọ́n tún gbọ́ ìkéde lẹ́yìn ìgbà yẹn, àwọn kan nínú wọn ò yí ọrùn wò ó.

Ohun mẹ́rin ni kí ẹ bi nọ́ọ̀sì: ọjọ́ wo lẹ ń gún abẹ́rẹ́? Èwo ló wà nílẹ̀ báyìí, èwo ló tán? Ìgbà wo lẹ ń retí òmíràn? Ọmọ mélòó lẹ fẹ́ kó pé kí ẹ tó ṣí ìgò?

Ẹ má fojú kéré ìbéèrè kẹrin. Ìgò BCG kan ń tó ọmọ 20, ti èéyi ń tó ọmọ 10. Bí wọ́n bá ti po ó, kò gbọdọ̀ ju wákàtí 6 lọ, ìyókù di dídànù. Ìdí nìyẹn tí nọ́ọ̀sì fi máa ń sọ fún ìyá kan ṣoṣo tó gbé ọmọ wá pé kó padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ìyá náà á gbà pé wọ́n lé òun ni. Kò yẹ kí wọ́n dá ọmọ padà nítorí ìgò, ẹ sì lè fi pẹ̀lẹ́tù bá nọ́ọ̀sì sọ ọ́; ṣùgbọ́n ohun tó wà níkàáwọ́ yín jùlọ ni pé kí ẹ kó àwọn ìyá jọ sọ́jọ́ kan náà. Bí ìyá mẹ́jọ bá jọ dé láti ìjọ méjì àti mọ́ṣáláṣí kan, kò sẹ́ni tó máa dá wọn padà.

*Ẹ ṣọ́ra:* ẹ má dá ọjọ́ fún ìjọ nígbà tí abẹ́rẹ́ ṣì wà lójú ọ̀nà Lọ́kọ́jà. Ọ̀nà wa kì í pa àdéhùn mọ́.

*Ó ti ṣiṣẹ́ bí:* nọ́ọ̀sì fúnra rẹ̀ bá pè yín láti sọ pé abẹ́rẹ́ ti dé, tàbí pé ó ti tán.

2. Ẹ fi ohùn kan ṣe pẹ̀lú ilé ìjọsìn kejì

Ní ilẹ̀ Okun, agbo ilé kan náà ni Mùsùlùmí àti Kristẹni ti ń jáde. Ẹ̀gbọ́n lè jẹ́ àáfà kí àbúrò jẹ́ díákónì, ìsọmọlórúkọ kan náà ni wọ́n sì máa jókòó sí. Bí pásítọ̀ bá sọ̀rọ̀ abẹ́rẹ́ tí àáfà dákẹ́, ẹbí á gbà pé ọ̀rọ̀ ìjọ kan ni. Nítorí náà, kí pásítọ̀ lọ kí lémọ́ọ̀mù nílé, tàbí kí lémọ́ọ̀mù lọ kí pásítọ̀, kí wọ́n ka ọ̀rọ̀ tí wọ́n máa sọ lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ (ó wà ní ìpín 4 nísàlẹ̀) síwájú ara wọn. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n jọ lọ sọ fún ọba tàbí baálẹ̀, kó má baà jẹ́ pé lẹ́nu ará òde ló ti máa gbọ́ ohun tó ń lọ nílùú rẹ̀.

*Ó ti ṣiṣẹ́ bí:* ẹ bá gbọ́ gbólóhùn yín lẹ́nu àáfà níbi àkíkà tí wọn ò pè yín sí.

3. Ẹ béèrè káàdì lọ́jọ́ tí wọ́n bá wá ròyìn ìbí

Kí ọjọ́ kẹjọ tó pé, ẹnì kan á wá sọ fún yín pé ìyàwó ti bí. Ẹ bá wọn yọ̀, ẹ gbàdúrà, kí ẹ tó béèrè méjì: níbo ló bí i sí? Ṣé ọmọ ti ní káàdì?

Bó bá jẹ́ ilé ìwòsàn ni, ó ṣeé ṣe kí ọmọ ti gba ti ìbí. Ẹ ṣì sọ pé kí wọ́n mú káàdì wá, ẹ fojú yín rí i. Bó bá jẹ́ ilé, àbà, tàbí ilé agbẹ̀bí tó wà lábẹ́ ìjọ, ẹ gbà pé ọmọ náà ò tíì gba nǹkan kan. Kí ọ̀kan nínú obìnrin méjì yẹn bá ìyá rẹ̀ lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ abẹ́rẹ́ tó bá kọ́kọ́ dé. Bí ìjọ yín bá ní ilé agbẹ̀bí, ẹ̀yin gan-an lẹ kọ́kọ́ jẹ gbèsè: ẹ bá nọ́ọ̀sì ṣe àdéhùn pé kí agbẹ̀bí máa pè é lọ́jọ́ tí ọmọ bá délẹ̀.

*Ẹ ṣọ́ra:* ẹ má sọ pé "bí kò bá sí káàdì, mi ò ní sọ ọ́ lórúkọ". Mo mọ ibi tí wọ́n ti ṣe é. Ẹbí náà gbé ọmọ wọn lọ síbòmíràn, wọ́n sọ ọ́ lórúkọ, wọn ò padà wá, ọmọ ò sì gba abẹ́rẹ́ kankan. Ẹ jẹ́ kí ìbéèrè káàdì dà bí ìbéèrè orúkọ tí bàbá àgbà fẹ́ fún ọmọ, ohun tí gbogbo èèyàn mọ̀ pé ẹ máa béèrè.

*Ó ti ṣiṣẹ́ bí:* ẹni tó wá ròyìn ìbí bá mú káàdì lọ́wọ́ láìjẹ́ pé ẹ béèrè.

4. Ohun tí ẹ máa sọ lọ́jọ́ náà

Ìṣẹ́jú méjì tó. Èdè tí ẹbí náà ń sọ nínú ilé ni kí ẹ lò. Bó bá jẹ́ Òwé ti Kàbà ni, ẹ sọ ọ́ ní Òwé. Bó bá jẹ́ Yàgbà, ẹ sọ ọ́ ní Yàgbà. Yorùbá inú Bíbélì dára fún ìwé mímọ́, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ìtọ́jú ọmọ máa ń tètè wọlé létí bó bá jáde bí ìyá ẹni ṣe ń sọ ọ́.

Ẹ ti kí gbogbo ilé ní "okun o", ẹ ti pe orúkọ ọmọ, oyin àti iyọ̀ ti kárí. Kí ẹ tó dá ọmọ padà fún ìyá rẹ̀, ẹ kọjú sí bàbá:

"Bàbá ọmọ, ọmọ yìí ti gba ti ìbí, káàdì rẹ̀ rèé. Ọjọ́rú tó bá tẹ̀ lé ọ̀sẹ̀ mẹ́fà rẹ̀, á tún gba òmíràn. Ta ló máa fún ìyá rẹ̀ lówó ọkọ̀?"

Ẹ dákẹ́ níbẹ̀. Ẹ jẹ́ kó fi ẹnu ara rẹ̀ dáhùn. Ọkùnrin tó bá sọ "èmi ni" lójú àwọn àna rẹ̀ yóò mú un ṣẹ.

Lẹ́yìn náà, ẹ yí sí ìyá ọkọ:

"Màmá, ara ọmọ lè gbóná díẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ tó bá gba abẹ́rẹ́, ojú ibẹ̀ sì lè wú. Ẹ má jẹ́ kí àyà yín já. Kí ìyá rẹ̀ máa fún un lọ́mú dáadáa, kí wọ́n sì lo oògùn ibà tí nọ́ọ̀sì bá ní kí wọ́n lò. Bí ibà náà bá kọjá ọjọ́ méjì, tí gìrì bá mú un, tàbí tó kọ ọmú, ẹ gbé e padà lọ sí ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀, ẹ pè mí."

Ọ̀rọ̀ ìyá ọkọ yìí ni ọ̀pọ̀ ń gbójú fò, bẹ́ẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ abẹ́rẹ́ ni àhesọ ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Ọmọ ké, ara rẹ̀ gbóná, ìyá àgbà sọ pé "mo sọ fún yín", nígbà tí ilẹ̀ máa fi mọ́, ọ̀rọ̀ ti dé odò. Bó bá ti gbọ́ ọ lẹ́nu yín ṣáájú, òun fúnra rẹ̀ ló máa fọkàn ìyá ọmọ balẹ̀.

*Ẹ ṣọ́ra:* ẹ má fi ọmọ ẹlòmíràn tó kú ṣe àpẹẹrẹ. Ìyá rẹ̀ lè wà níjókòó. Ẹ má fi abẹ́rẹ́ bá àdúrà díje. Ẹ má sì sọ pé ọmọ tó gba abẹ́rẹ́ kò ní ṣàìsàn mọ́. Bí ibà bá mú un lọ́jọ́ kejì, ẹ̀yin ni wọ́n máa pè ní onírọ́.

*Ó ti ṣiṣẹ́ bí:* bàbá ọmọ bá lè sọ ọjọ́ abẹ́rẹ́ fún yín nígbà tó bá ń sìn yín jáde.

5. Bí ẹnì kan bá sọ pé abẹ́rẹ́ kì í jẹ́ kí ọmọ lè bímọ lọ́la

Ó máa wáyé. Ẹ má bínú, ẹ má sì fi ìwàásù dá a lóhùn. Ẹ bi í: ta lo gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀? Kí lo rí? Nígbà mìíràn, ẹ máa rí i pé nǹkan kan ti ṣẹlẹ̀ lóòótọ́: nọ́ọ̀sì kan jágbe mọ́ ọn, tàbí wọ́n gba owó lọ́wọ́ rẹ̀. Ìyẹn lẹ máa tún ṣe. Ọ̀fẹ́ ni abẹ́rẹ́ ọmọdé yìí nílé ìwòsàn ìjọba. Bí ẹnikẹ́ni bá ń gba owó, kí ẹ̀yin àti baálẹ̀ lọ bá ọ̀gá rẹ̀.

Bó bá sì jẹ́ ìbẹ̀rù lásán, ẹ sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní orílẹ̀-èdè wa. Ní 2003, àwọn aṣáájú ẹ̀sìn kan ní apá Àríwá sọ pé ẹ̀kán rọpárọsẹ̀ ń sọ obìnrin di àgàn, ìpínlẹ̀ Kano sì dá a dúró fún oṣù mélòó kan. Rọpárọsẹ̀ tàn láti ibẹ̀ dé àwọn orílẹ̀-èdè tí wọ́n ti lé e lọ. Àwọn aṣáájú ẹ̀sìn àti àwọn ọba náà ló tún fi ẹsẹ̀ ara wọn rìn láti ilé dé ilé, tí wọ́n fún ọmọ tiwọn ní ẹ̀kán lójú ayé. Ní August 2020, wọ́n kéde pé ojúlówó kòkòrò rọpárọsẹ̀ (èyí tí wọ́n ń pè ní "wild polio") ti kúrò ní agbègbè Áfíríkà ti Àjọ Ìlera Àgbáyé (WHO). Ẹnu tó dá a dúró, irú ẹnu kan náà ló bá wa lé e lọ.

Àríyànjiyàn ò lágbára tó káàdì ọmọ tiyín tàbí ti ọmọ-ọmọ yín. Ẹ yọ ọ́ nínú àpò, ẹ fi hàn án.

Bó bá sì jẹ́ pé ẹ̀yin gan-an lẹ ń ṣiyèméjì, ẹ má tíì bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Ẹ lọ jókòó ti dókítà kan tí ẹ gbẹ́kẹ̀ lé, ní Kàbà, ní Ìsánlú tàbí ní ilé ìwòsàn ìjọ ECWA ní Ẹ̀gbẹ̀, ẹ béèrè gbogbo ohun tó ń kọ yín lóminú títí ọkàn yín á fi balẹ̀. Ìjọ máa ń mọ̀ bí ẹnu yín bá ń sọ ohun tí ọkàn yín kò gbà.

6. Ọ̀sẹ̀ 6 sí ọ̀sẹ̀ 14: ibi tí ọmọ ti ń sọ nù

Ọ̀pọ̀ ìyá máa ń lọ lẹ́ẹ̀kíní, wọn kì í parí rẹ̀. Òjò bẹ̀rẹ̀, iṣu ń retí ebè, ìyá ti gbé ọmọ lọ sí àbà. Ìwé yín ló máa mú wọn padà.

Ẹ fa ìlà sí i: orúkọ ọmọ, ọjọ́ ìbí, orúkọ bàbá, àbà tàbí àdúgbò wọn, lẹ́yìn náà àpótí kéékèèké fún ìbí, ọ̀sẹ̀ 6, 10, 14, oṣù 9 àti 15. Ẹ kọ ọjọ́ tó yẹ kí ọmọ lọ pẹ̀lú pẹ́ńsù. Bó bá lọ, tí obìnrin tó ń bójú tó ìwé sì ti rí káàdì rẹ̀, kó fi bírò kọ ọjọ́ náà lé e. Ní alẹ́ Sátidé, tàbí lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, kí ẹnì kan ṣí ìwé náà, kó pe àwọn tí ọjọ́ wọn bọ́ sí ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Fóònù tàbí ẹsẹ̀ ni kó lò. Orúkọ ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ jáde látorí pẹpẹ, torí ìyá tí ẹ bá dójú tì á wá ìjọ mìíràn lọ.

Ọ̀rọ̀ ọ̀nà kò ṣe é fọwọ́ yẹpẹrẹ mú. Pẹ̀lú bí àwọn ajínigbé ṣe ń yọ àwọn èèyàn wa lẹ́nu, pàápàá ní Yàgbà, ẹ má ní kí ìyá kan ṣoṣo gba ọ̀nà oko lọ. Kí wọ́n jọ lọ láàárọ̀, kí wọ́n sì padà kí oòrùn tó rọ̀. Bí àbà bá pọ̀ lápá kan, ẹ bẹ nọ́ọ̀sì kó wá gún un ní àgbàlá ìjọ tàbí mọ́ṣáláṣí tó wà níbẹ̀. Abẹ́rẹ́ gbọ́dọ̀ wà nínú kúlà pẹ̀lú omi dídì, láàárín ìwọ̀n 2 sí 8 lórí òṣùwọ̀n Celsius, nítorí náà kí ọlọ́kadà yín ti wà ní sẹpẹ́ kó tó gbé kúlà jáde. Ẹ ránṣẹ́ sí gáà Fúlàní tó wà nítòsí pẹ̀lú, kí lémọ́ọ̀mù gba iṣẹ́ yẹn. Ọmọ tiwọn náà ń ṣe èéyi, èéyi ò sì mọ ààlà oko.

*Ó ti ṣiṣẹ́ bí:* ní ìparí oṣù, ẹ ka iye ọmọ tó ti gba Penta àkọ́kọ́, kí ẹ ka iye tó ti gba ẹlẹ́ẹ̀kẹta láàárín àwọn tó ti kọjá ọ̀sẹ̀ 14. Bí iye méjèèjì bá fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, iṣẹ́ ń lọ. Bí ẹlẹ́ẹ̀kẹta bá kéré sí i dáadáa, ẹ lọ wo àbà tí àwọn tó sọ nù ti wá. Ibì kan náà ni ọ̀pọ̀ wọn sábà máa ń wà.

7. Oṣù 9 àti oṣù 15

Ti oṣù 9 ń rọrùn, torí ọmọ ti ń rá, ìyá sì ń fẹ́ gbé e jáde. Oṣù 15 ni wọ́n ń gbàgbé. Lọ́jọ́ tí ọmọ bá pé ọdún kan tí wọ́n gbé e wá fún ìdúpẹ́, ẹ kọ ọjọ́ tó máa pé oṣù mẹ́ta sí i lé ìwé kékeré kan, ẹ fi í sínú káàdì rẹ̀.

Ní ọjọ́ ìdúpẹ́ yẹn, ẹ wo apá òsì ọmọ. BCG sábà máa ń fi àpá kékeré kan sílẹ̀ níbẹ̀. Bí ẹ ò bá rí àpá tí kò sì sí káàdì, ẹ rán ìyá lọ bá nọ́ọ̀sì. Ẹ tún béèrè ìwé ẹ̀rí ọjọ́ ìbí lọ́dọ̀ Àjọ Ìkànìyàn. Òfin 1992 fi í sọ́fẹ̀ẹ́ láàárín ọjọ́ 60 àkọ́kọ́, èyí tó fi hàn pé ọjọ́ tí wọ́n gba Penta àkọ́kọ́ ló dáa kí wọ́n ṣe é.

Bí èyí bá ti fẹsẹ̀ múlẹ̀

Ẹ lè lo ọ̀nà kan náà fún àwọn ọmọbìnrin ọdún 9 sí 14. Abẹ́rẹ́ HPV, tó ń dènà jẹjẹrẹ ẹnu ilé ọmọ, bẹ̀rẹ̀ ní Nàìjíríà ní October 2023, ó sì dé Kogí nínú ìpele kejì ní 2024. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni wọ́n ń gún un. Kíláàsì ìrìbọmi àti wòlímọ̀ ilé-kéwú ni ibi tí àwọn ọmọbìnrin yẹn àti ìyá wọn ti ń pàdé yín.

Ọ̀rọ̀ kan kù, ó kan àwọn ìjọ tó ń ṣí àlùfáà nípò. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá gbé yín lọ síbòmíràn, ẹ má fi ìwé náà sínú àpótí ọ́fíìsì. Kí ẹ̀yin, ẹni tó ń bọ̀, nọ́ọ̀sì àti àwọn obìnrin méjì yẹn jókòó yí tábìlì kan ká. Kí ẹni tó ń bọ̀ ka orúkọ àwọn ọmọ tí ọjọ́ wọn bọ́ sí oṣù yẹn sókè, ọ̀kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú àbà tí wọ́n wà, kí ẹ tó fún un ní kọ́kọ́rọ́ ilé.